"Gbólóhùn èròǹgbà" kọ́. Ẹ jẹ́ ká wo "gbólóhùn ìjíṣẹ́"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá la ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí: kí ni ká máa pe mission statement ní Yorùbá, ìyẹn gbólóhùn tí ilé-iṣẹ́ máa ń kọ sára ògiri láti sọ ohun tí wọ́n wà fún? Ọ̀pọ̀ yín ti fọwọ́ sí "gbólóhùn èròǹgbà". Àwọn mìíràn ní "àfojúsùn". Mi ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó lù ú lóǹtẹ̀.

Èròǹgbà, inú ẹni tó ń gbà á lérò ló ń gbé. Ọ̀gá lè ní èròǹgbà láti kọ́ ẹ̀ka mẹ́wàá, kò kan oníbàárà rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè mú un sí i. Ìdí nìyí tí èyí tó pọ̀ nínú ohun tí à ń kà lára ògiri ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́ níbí fi jọra: "Èròǹgbà wa ni láti jẹ́ aṣíwájú." Aṣíwájú ta ni? Ẹ yọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà kúrò, ẹ fi ti ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, kò sóhun tó yí padà.

Àfojúsùn dára, ṣùgbọ́n ibi tí à ń wò lọ́ọ̀ọ́kán ni. Vision, ìyẹn ibi tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ dé lọ́jọ́ iwájú, ló bá mu, pàápàá nítorí pé "ìran wa", tí à bá fi túmọ̀ vision, lè dún létí bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá wa.

Rírán ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ mission nínú èdè Látìn. Ìdí tí a fi ń pe àwọn tó gbé ìwé wá bá wa ní míṣọ́nárì nìyẹn: ẹni tí wọ́n rán ni wọ́n. Àwa náà sì ti ní ètò tiwa tó pé. Ẹnì kan á ránni níṣẹ́, ẹni tí a rán á jẹ́ iṣẹ́ náà, á sì padà wá jábọ̀. Òun la ṣe ń sọ pé bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tó ránni yìí gan-an ni "èròǹgbà" sọ nù.

Mo wà níbi ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníkòkó kan lọ́nà Oǹdó nígbà tí akọ̀wé wọn ka tiwọn: "Èròǹgbà wa ni láti di ẹgbẹ́ tó gbayì jù lọ nínú òwò kòkó." Bàbá kan dìde, ó ní, "Akọ̀wé, ọmọ mi, ta ló rán yín nìyẹn? Iṣẹ́ tí a rán yín ni pé kí òṣùwọ̀n má parọ́." Kí ìpàdé tó tú, ohun tí wọ́n kọ rèé:

"Àwọn àgbẹ̀ tó ni ẹgbẹ́ yìí ló rán wa. Kòkó tó gbẹ dénú ni a ó gbà. Ojú ẹni tó ni ín ni a ó ti wọ̀n ọ́n. Owó rẹ̀ kò ní sùn sí wa lọ́wọ́."

Ọmọ tó dúró ti òṣùwọ̀n lè sọ ọ́ lórí. Ó mọ̀ pé kòkó tí omi inú rẹ̀ bá ju ìdá 8 nínú 100 lọ lè bu nínú àpò, òun ò sì gbọdọ̀ gbà á, ì báà jẹ́ ti alága. Àgbẹ̀ náà mọ ibi tí yóò ti bá wọn wí.

Ilé-iṣẹ́ Johnson & Johnson ní Amẹ́ríkà kọ irú rẹ̀ ní 1943; Credo, ìyẹn "ìgbàgbọ́", ni wọ́n pè é. Àwọn tó ń lo oògùn wọn àti àwọn dókítà ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, àwọn tó ni ìpín ìdókòwò ló kẹ́yìn. Nígbà tí ẹnì kan fi májèlé sínú Tylenol, oògùn ara ríro tí wọ́n ń tà, ní agbègbè Chicago ní 1982, tí èèyàn 7 kú, wọ́n kó nǹkan bí mílíọ̀nù 31 ìgò padà kúrò lọ́jà. Ẹni tí wọ́n ń jíṣẹ́ fún ti wà lákọsílẹ̀.

Nítorí náà, "gbólóhùn ìjíṣẹ́" ni mo fi síwájú yín. Ẹnì kan nínú wa ti dábàá "iṣẹ́ àjẹ́", bí a ṣe ń sọ "iṣẹ́ àṣe". Gírámà rẹ̀ yè kooro, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá ni etí yóò gbọ́, kò sì sílé-iṣẹ́ tí yóò gbé e kọ́ ara ògiri. Àwọn kan sọ pé "òjíṣẹ́" ti di ti mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a ṣì ń sọ lójoojúmọ́ pé ọmọdé lọ jíṣẹ́ fún ìyá rẹ̀ lọ́jà Ọba. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó mú un wá, kó sì fi kọ gbólóhùn kan fún àwọn oníkòkó yẹn kí a rí i.