Ṣé kí n fi díìsì bíréèkì tó tóbi sí alùpùpù tí mo fi ń kó ẹrù?

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Alùpùpù 150cc ni mo fi ń kó kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti oko ní agbègbè Ẹ̀fọ̀n Alààyè. Bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè pẹ̀lú ẹrù, bíréèkì iwájú a kọ́kọ́ mú dáadáa, ṣùgbọ́n kí n tó dé ìsàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á ti rọ̀, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí. Bí mo bá dúró díẹ̀ kí ó tutù, á tún le padà. Àwọ̀ aró ti hàn lára díìsì náà. Ẹni tí ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní kí n ra díìsì tó fẹ̀ ní 260 mm dípò 240 mm tó wà níbẹ̀. Ṣé yóò yanjú rẹ̀?

Mẹkáníìkì Iléṣà:
Àbúrò mi, ọ́ìlì bíréèkì rẹ ló ń hó. Ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́: DOT 3 (irú ọ́ìlì bíréèkì kan) titun kì í hó títí ooru yóò fi dé 205°C ó kéré tán, ṣùgbọ́n èyí tó ti fa omi lè hó ní bíi 140°C. Oru tí ọ́ìlì tó ń hó bá tú sínú ọ́ọ̀sì ṣeé tẹ̀ pọ̀, ọ́ìlì kò ṣeé tẹ̀ pọ̀, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi ń wọlé láìjẹ́ pé páàdì fún díìsì mọ́ra. Ṣí ìdérí orí ọwọ́ ọkọ̀. Bí ohun tó wà níbẹ̀ bá ti dúdú bí àgbo, tú u dànù, fi DOT 4 sí i, kí o sì lé afẹ́fẹ́ jáde pátápátá. Má fi DOT 5 dípò rẹ̀, nítorí kò bá a mu.

Ọlọ́kadà Àrámọkọ:
Òótọ́ ni pé díìsì 260 mm yóò fi bíi ìdá kan nínú méjìlá lé agbára ìdádúró, irin rẹ̀ tó pọ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó gbóná. Ṣùgbọ́n kálípà, irin tó ń fi páàdì fún díìsì, gbọ́dọ̀ sún síta ní 10 mm. Èmi ní kí alurinmọ́ gé irin tí yóò gbé e. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ó fi là lẹ́bàá ihò bóòtù, ọjọ́ tí mo ń fọ ọkọ̀ ni mo rí i, ẹ̀rù sì bà mí gidigidi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ra 240 mm titun tó nípọn, ẹ má ra èyí tí wọ́n gbẹ́ ihò púpọ̀ sí. Ẹ kọ́kọ́ wo MIN TH (bí díìsì ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó, ó kéré tán) tí wọ́n tẹ̀ sára èyí tó wà níbẹ̀.

Bákan náà, ẹ má sọ̀kalẹ̀ ní fírì nítorí epo. Jíà kejì ni kí ẹ fi sí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè bá yín dá a dúró.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n:
Ẹ ṣeun gan-an. Ọ́ìlì náà dúdú lóòótọ́. MIN TH 3.5 ni wọ́n kọ, 3.2 mm péré ni díìsì mi kù. Mo ti sọ fún ẹni náà pé 240 mm ni mo fẹ́, n kò sì ní gbé ẹrù títí yóò fi dé.