Ẹ sọ ìrírí yín: kíkẹ́kọ̀ọ́ gboyè méjì pọ̀ nínú ìmọ̀ ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè àti ìmọ̀ ìròyìn

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ọdún àṣekágbá

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ìwé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa ló ń béèrè bóyá ó tọ́ kí ènìyàn kọ́ ìmọ̀ ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè àti ìmọ̀ ìròyìn pa pọ̀, kí ó sì gba oyè méjèèjì, dípò kí ó mú ọ̀kan ṣoṣo. Mo fẹ́ sọ bí ó ṣe rí lójú tèmi, kí ẹ̀yin náà sì sọ tiyín, nítorí pé ìwé ìléwọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ máa ń pín kì í sọ ju iye ọdún àti orúkọ àwọn kọ́ọ̀sì lọ.

Kí n kọ́kọ́ là á yé ẹni tí kò tíì wọlé: oyè méjì yàtọ̀ sí oyè kan tó ní ẹ̀ka méjì. Nínú oyè méjì, ìwé-ẹ̀rí méjì ni a ń gbà, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé a ti parí gbogbo ohun tí òun béèrè. Ọdún rẹ̀ kéré sí èyí tí à bá lò ká ní a ṣe wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé wọ́n máa ń ka àwọn kọ́ọ̀sì kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí dandan ẹ̀gbẹ́ kan sì máa ń gba àyè àṣàyàn ẹ̀gbẹ́ kejì. Nítorí náà, àyè láti yan ohun tó wuni kéré jọjọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ èdè ilẹ̀ mìíràn mọ́ ọn ní láti wá àyè fún un láti ọdún kìíní, mo sì bẹ̀ yín pé kí ẹ wá a, nítorí pé méjèèjì ni yóò wúlò fún.

Iṣẹ́ méjì tó bọ́ sí sáà kan náà ló jẹ́ kí n rí ìdí tí ẹ̀kọ́ yìí fi dára. Olùkọ́ ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè ní kí a wo ìjíròrò gbangba kan ní Ìgbìmọ̀ Ààbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kí a kọ ìjábọ̀ bí ẹni pé aṣojú orílẹ̀-èdè kan ni wá, tí à ń kọ̀wé sí mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Olùkọ́ ìròyìn gbà kí n fi ìjíròrò yẹn kan náà kọ ìròyìn fún gbogbo ènìyàn. Nínú ìjábọ̀ aṣojú, ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ lọ́la ló ṣáájú: ta ni ohùn rẹ̀ rọ̀, ta ni tirẹ̀ le, èwo nínú àwọn márùn-ún tó ní ìjókòó àìyẹsẹ̀ ló fẹ́ dènà ìpinnu, ṣé ìbò mẹ́sàn-án nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò pé. Nínú ìròyìn, ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí àti àwọn tí yóò kàn ló ṣáájú, bí ohun tí olúkúlùkù sì ṣe sọ ọ́ gan-an ni mo gbọ́dọ̀ gbé e jáde, láìfi ìtumọ̀ tèmi bò ó mọ́lẹ̀.

Ìgbà tí mo wá ka abala kẹta nínú Àdéhùn Vienna ti ọdún 1961 lórí ìbáṣepọ̀ àwọn aṣojú ni ọ̀rọ̀ náà hàn sí mi kedere. Abala yẹn ka iṣẹ́ aṣojú lẹ́sẹẹsẹ: kí ó ṣojú orílẹ̀-èdè tó rán an, kí ó dáàbò bo àǹfààní àwọn ọmọ rẹ̀, kí ó bá ìjọba tó gbà á lálejò dúnàá-dúrà, kí ó sì fi gbogbo ọ̀nà tó bófin mu wádìí bí nǹkan ṣe ń lọ ní ilẹ̀ náà, kí ó jábọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó rán an. Iṣẹ́ oníròyìn náà ni èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Àwọn méjèèjì ń wádìí, wọ́n ń gbé ẹ̀rí yẹ̀ wò, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó tutù. Ẹni tí wọ́n ń kọ ọ́ fún ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ènìyàn díẹ̀ tó lágbára láti ṣe nǹkan sí ọ̀rọ̀ náà ni aṣojú ń kọ̀wé sí. Gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni oníròyìn ń kọ̀wé sí, títí kan àwọn tí ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Láti ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ yòókù ti ṣẹ̀ wá: ohun tí a ń fi pamọ́, ohun tí a ń sọ síta, àti ẹni tí yóò jìyà rẹ̀ bí a bá sọ ọ́ láìtọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ìdí tí mo fi so méjèèjì pọ̀, wàhálà Kúbà ti oṣù kẹwàá ọdún 1962, nígbà tí ìjọba Soviet kó ohun ìjà átọ́míìkì lọ sí Kúbà, ni mo máa ń tọ́ka sí. Nínú kíláàsì ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè, bí alágbára méjì tó ní ohun ìjà átọ́míìkì ṣe ń díwọ̀n ara wọn ni wọ́n fi kọ́ wa. Ohun tó jáde nínú kíláàsì ìròyìn yàtọ̀. Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà, lọ sórí tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ 22 oṣù náà, ó sì sọ ọ̀rọ̀ àṣírí di ti gbogbo ayé. Lẹ́tà tí Khrushchev, olórí ìjọba Soviet, kọ sí i ní ọjọ́ 26 pẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lọ́nà kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Anatoly Dobrynin, aṣojú ìjọba Soviet ní Washington, sọ lẹ́yìn náà pé ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ló ń wá gba wáyà lọ́wọ́ àwọn lọ sí iléeṣẹ́ Western Union. Nígbà tó di ọjọ́ 28, rédíò Moscow ni wọ́n fi ka èsì Khrushchev síta, kí ó má baà pẹ́ jù. Láàrin àkókò yẹn kan náà, John Scali, oníròyìn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC ti Amẹ́ríkà, ń gbé ọ̀rọ̀ láàrin òṣìṣẹ́ Soviet kan àti ìjọba Amẹ́ríkà. Ọkùnrin yìí náà ló di aṣojú Amẹ́ríkà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ọdún 1973. Ní ọdún 1963, ìjọba méjèèjì, Amẹ́ríkà àti Soviet, fẹnu kò láti fa ìlà tààrà láàrin olú-ìlú wọn, ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí bébà ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe tẹlifóònù bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Lójú tèmi, ẹni tó kọ́ apá kan ìtàn yìí láìkọ́ ìkejì kò tíì kọ́ ọ.

Àmọ́ o, ẹ má retí pé ilé ẹ̀kọ́ ni yóò so ó pọ̀ fún yín. Ẹ̀ka kan kì í mọ ohun tí èkejì ń ṣe. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba àpilẹ̀kọ gígùn lọ́wọ́ yín níbí ni wọ́n ń retí fídíò tí ẹ gé tí ẹ sì tò lọ́hùn-ún; bí ẹ ṣe ń tọ́ka sí ìwé nínú ẹ̀ka kan kọ́ ni wọ́n fẹ́ nínú èkejì. Ẹ gba ìwé ètò ìdánwò àwọn méjèèjì ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí ẹ sì tètè fi ibi tí wọ́n ti kọlura han olùkọ́, nítorí pé àwọn olùkọ́ máa ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹni tó tètè wá.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Èmi fẹ́ sọ nípa ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ méjèèjì fà mí lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀ka ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè pe aṣojú kan tó ti fẹ̀yìn tì láti wá bá wa sọ̀rọ̀, wọ́n sì kéde pé ìlànà Chatham House, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀rọ̀ àgbáyé kan ní London, ni a ó tẹ̀ lé. Ìlànà yìí ti wà láti ọdún 1927. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó wà níbẹ̀ lè lo ohun tó gbọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ ẹni tó sọ ọ́, kò gbọdọ̀ sọ iléeṣẹ́ tí onítọ̀hún ti wá, kò sì gbọdọ̀ tú àṣírí àwọn mìíràn tó wà nínú ìpàdé náà. Àlejò wa sọ ohun tó wúwo nípa bí ìdúnàá-dúrà kan ṣe fẹ́ forí ṣánpọ́n. Mo tún ń kọ ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ nígbà yẹn, olóòtú wa sì fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ jáde, ó ní ìròyìn tí kò lórúkọ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Mo kọ̀, mi ò sì rò pé mo kúrò lójú ọ̀nà iṣẹ́ ìròyìn nítorí rẹ̀. Ìlérí tí a ṣe kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ìlérí ni. Ẹ̀kọ́ ìròyìn pàápàá kọ́ wa pé kí a dáàbò bo ẹni tó fún wa ní ọ̀rọ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi ohun tí mo gbọ́ ṣe atọ́nà. Mo lọ ka àdéhùn náà fúnra rẹ̀, mo ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó wà fún gbogbo ènìyàn, mo sì rí i pé ìlà kan ti yí padà láàrin àkọ́kọ́ kíkọ rẹ̀ àti èyí tí wọ́n fọwọ́ sí. Orí ohun tí ẹnikẹ́ni lè lọ wò ni mo gbé ìròyìn mi kà. Olóòtú gbà á, olùkọ́ ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè sì ní kí n mú un wá fún ìjíròrò ní kíláàsì. Bí mo bá ti kọ́ ìròyìn nìkan, mi ò bá má mọ ibi tí wọ́n ń tọ́jú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí.

Ẹni tó ti parí

Kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló mú mi dúró nígbà tí iṣẹ́ fẹ́ bò mí mọ́lẹ̀, èyí tó dá lórí rédíò RTLM ní Rwanda. Ní ọdún 1994, rédíò yẹn ń rọ àwọn ènìyàn láti pa àwọn Tutsi, ó sì ń dárúkọ àwọn tí wọ́n máa wá lọ bá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, ilé ẹjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ fún Rwanda dá méjì nínú àwọn tó dá a sílẹ̀ lẹ́bi, pẹ̀lú olóòtú ìwé ìròyìn Kangura. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé díẹ̀ nínú ìdálẹ́bi náà ní ọdún 2007, ó sì dín ọdún ẹ̀wọ̀n wọn kù, ṣùgbọ́n kò dá ọ̀kankan nínú wọn sílẹ̀. Ohun tó dá mi dúró nínú àkọsílẹ̀ náà ni irú ènìyàn tí àwọn méjì tó dá rédíò náà sílẹ̀ jẹ́. Ferdinand Nahimana jẹ́ olùkọ́ ìtàn ní yunifásítì. Jean-Bosco Barayagwiza ti jẹ́ olùdarí ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n kàwé, wọ́n sì mọ bí ayé ṣe ń wo orílẹ̀-èdè wọn. Láti ìgbà náà ni mi ò ti lè gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ̀kọ́ ìròyìn jẹ́ ẹ̀kọ́ fífúyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kọ́ ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè, kí n sì dákẹ́.

Iṣẹ́ mi báyìí jẹ́ ti ìròyìn ní àjọ kan tó ń ran àwọn tí ogun lé kúrò nílé lọ́wọ́. Ìwádìí tí Johan Galtung àti Mari Holmboe Ruge ṣe ní ọdún 1965 lórí ìwé ìròyìn mẹ́rin ní Norway, nípa rògbòdìyàn Kóńgò, Kúbà àti Cyprus, ṣì ń wúlò fún mi. Wọ́n fi hàn pé ìṣẹ̀lẹ̀ tó jìnnà sí òǹkàwé nínú àṣà, tí kò kan orílẹ̀-èdè ńlá, tí kò sì ní ènìyàn kan pàtó tí a lè fojú rí, ìṣòro ni kó tó di ìròyìn. Nítorí náà, ìgbà tí oníròyìn kò bá dáhùn ìwé mi, mi ò kàn bínú. Mo máa ń bi ara mi léèrè èwo nínú ìwọ̀n yẹn ló dí ọ̀nà, kí n tó tún ọ̀rọ̀ náà kọ.

Ẹni tó kù sí ẹ̀gbẹ́ kan

Èmi fi ìmọ̀ ìròyìn sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún kejì, ọkàn mi sì balẹ̀ lórí rẹ̀. Òfin àdéhùn láàrin orílẹ̀-èdè ni mo fẹ́ rì sínú rẹ̀, oyè méjì kò sì fi àyè sílẹ̀ fún mi láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì ìròyìn tí mo ti ṣe ni wọ́n kà mọ́ àṣàyàn mi. Kí ẹni tó ń ronú irú èyí béèrè ìyẹn kí ó tó fọwọ́ sí ìwé.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ènìyàn ṣe ń yan àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá tí ẹ̀ka méjèèjì yóò gbà? Gbogbo èyí tí mo mú wá, ọ̀kan á ní kì í ṣe ti òun.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Àbúrò mi, má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí àkòrí gbòòrò bí ipa ìròyìn lórí ogun; ìyẹn ló ń mú kí wọ́n lé ọ. Mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó kúrò lọ́wọ́ ìjọba bọ́ sí ojú ayé, kí o sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Wo wáyà Ems ti oṣù keje ọdún 1870: Bismarck, olórí ìjọba Prussia, gba ìjábọ̀ ìpàdé ọba Prussia àti aṣojú Faransé, ó gé e kúrú títí tó fi dà bí ìwọ̀sí, ó sì fi í fún àwọn ìwé ìròyìn; ní ọjọ́ 19 oṣù náà, Faransé kéde ogun. Tàbí kí o wo ìpàdé oníròyìn tí Günter Schabowski, agbẹnusọ ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso Ìlà-Oòrùn Jámánì, ṣe ní Berlin ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 1989. Wọ́n bi í léèrè ìgbà tí òfin ìrìn-àjò tuntun yóò bẹ̀rẹ̀, ó ní gẹ́gẹ́ bí òun ṣe mọ̀, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ kejì ni ìjọba rẹ̀ pète rẹ̀ fún. Àwọn ènìyàn gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì rọ́ lọ sí ẹnu odi tó pín Berlin sí méjì ní alẹ́ ọjọ́ náà. Nínú irú àkòrí bẹ́ẹ̀, ẹ̀ka kan á rí ìpinnu ìjọba, èkejì á rí bí ó ṣe di ìròyìn, ìwé kan náà ni ìwọ yóò sì kọ.

Béèrè fún alábòójútó kan láti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n jọ fọwọ́ sí bí iṣẹ́ náà yóò ṣe gùn tó àti ìlànà ìtọ́ka tí o máa lò. Bí o bá sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá ẹnikẹ́ni lẹ́nu wò, tètè gba ìyọ̀ǹda ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ẹ̀tọ́ àwọn tí a ń ṣe ìwádìí lórí wọn. Ẹ̀ka ìròyìn lè má béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ka kejì kò ní gba iṣẹ́ náà láìsí i.