Wọ́n rán mi nígbà àkọ́bí: ṣé mo lè bí èkejì láì tún ya?

Ìyá Àkàndé béèrè pé:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí. Oyún kejì ti pé ọ̀sẹ̀ 31. Nígbà àkọ́bí, wọ́n fi irin fa ọmọ, ojú ara ya, wọ́n sì rán an. Ọmọ náà wọ̀n tó kílò 3.9. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi bó ṣe jìn tó. Ohun tó wà nínú káàdì kò ju pé ó ya, a sì rán an. Egbò ti jinná tipẹ́, ìtọ̀ kì í jò, ìgbẹ́ ò ní wàhálà. Ìsó nìkan ló máa ń yọ́ jáde nígbà míì kí n tó mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Ṣé ojú ibi tó ya yẹn ló máa tún fà ya? Ṣé òróró tí wọ́n ní ká máa fi wọ́ ọ ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Ìyá ọkọ mi ní kí n máa jẹ ilá dáadáa kí ọmọ lè yọ̀ jáde. Ẹ̀gbọ́n kan ní ìjọ wa ní kí n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tètè fi abẹ gé mi kó má baà ya fúnra rẹ̀. Èwo ni kí n gbà?

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́ (agbẹ̀bí):

Ìyá Àkàndé, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ọ̀rọ̀ ìsó yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí ẹ dárúkọ rẹ̀ bí ohun tí ò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ òun ló lè sọ ibi tó ya dé.

Ìpele mẹ́rin la pín yíya sí. Ti àkọ́kọ́, awọ nìkan ló bó. Ìkejì wọ inú iṣan tó wà láàárín ojú ara àti ihò ìdí. Èyí ló pọ̀ jù nínú àwọn tí à ń rán. Ìkẹta dé iṣan tó yí ihò ìdí ká bí okùn ẹnu àpò, èyí tó ń di ìgbẹ́ àti ìsó mú. Òun náà tún pín sí mẹ́ta: 3a kò tó ìdajì iṣan ti òde, 3b ju ìdajì lọ, 3c ti já iṣan ti inú pẹ̀lú. Ìkẹrin ti ya wọ inú ìfun ìdí fúnra rẹ̀.

Iṣan ti inú yẹn ló ń ṣọ́nà fún wa láìjẹ́ pé a ronú sí i, kódà lójú oorun. Nítorí náà, bí ìsó bá ń yọ́ jáde láì gba àṣẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìpele kẹta ni, tí wọ́n rán bí ẹni rán ìpele kejì. Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ rèé: iṣan ìdí tó bá já máa ń sún sẹ́yìn, á wọ inú ẹran lọ, á sì fara pamọ́. Ẹni tó ń rán an ò lè fi ojú lásán rí i. Àfi kó ti ìka bọ ihò ìdí kó tó bẹ̀rẹ̀, kó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tó bá parí. Irin tí wọ́n fi fa ọmọ náà máa ń mú kí irú yíya yìí pọ̀ sí i. N ò sọ pé bó ṣe rí fún yín nìyẹn o. Mo ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ padà sí ilé ìwòsàn tí ẹ ti bímọ, kí ẹ béèrè ìwé yàrá ìbí. Káàdì lásán ò tó. Bí wọn ò bá rí i, ẹ rántí ibi tí wọ́n ti rán yín. Bó bá jẹ́ pé tíátà ni wọ́n gbé yín lọ, tí wọ́n gún yín lábẹ́rẹ́ ní ọ̀pá ẹ̀yìn, tí ẹsẹ̀ méjèèjì sì kú, tí wọ́n tún fún yín ní oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ nígbà tí ẹ ń lọ sílé, ó sún mọ́ ìpele kẹta tàbí ìkẹrin. Bó bá jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì ìbí náà ni, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún sí abẹ́ nìkan, ìpele kejì ni wọ́n rò pé àwọn ń rán.

Kó tó di ọ̀sẹ̀ 36, ẹ rí dókítà àgbà tó ń rí sí aboyún, ní ilé ìwòsàn ńlá bí ẹ bá lè dé ibẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìsó bò nítorí ìtìjú. Á fi ìka yẹ iṣan náà wò, á ní kí ẹ fún un pọ̀. Níbi tí ẹ̀rọ ayàwòrán inú ìdí bá wà, wọ́n á lò ó. Royal College of Obstetricians and Gynaecologists ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé nínú 100 obìnrin tó ti ní ìpele kẹta tàbí ìkẹrin rí, bíi 5 sí 7 ló tún ń ní irú rẹ̀ bí wọ́n bá bímọ gba ojú ara lẹ́yìn náà. Ẹni tí nǹkan kan ò ṣe lè bí ojú ara. Ẹni tí ìsó tàbí ìgbẹ́ ń bọ́ mọ́ lọ́wọ́, tàbí tí àyẹ̀wò fi hàn pé iṣan náà ò lágbára, wọ́n gbọ́dọ̀ jókòó bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gbé ọmọ jáde láti ikùn kí ọjọ́ tó pé. Iṣẹ́ abẹ náà ní tiẹ̀: ẹ̀jẹ̀, àpá ilé ọmọ, àti ibi ọmọ tó lè lẹ̀ mọ́ àpá yẹn nínú oyún tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í sáré gbà á nítorí ẹ̀rù nìkan.

Bó bá sì jẹ́ ìpele kejì ni, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Ọ̀nà tí ọmọ ti gbà rí ti nà. Ó lè tún tọ ojú àpá, torí àpá kì í nà bí awọ tó ṣì pé, àmọ́ kì í sábà jìn tó ti àkọ́kọ́.

Ilá? Ẹ máa jẹ ẹ́, ó ń mú ìgbẹ́ rọ̀. Ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà ọmọ ò kàn pàdé níbì kankan.

Fisiọ Alábẹ́bẹ̀ (olùtọ́jú iṣan ara):

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì. Ti òróró ni tèmi. Ọ̀sẹ̀ 34 tàbí 35 ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe é rárá bí ibi ọmọ bá wà nísàlẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ, bí omi bá ti dà, tàbí bí ojú ara bá ń yún yín tàbí tó ń rùn.

Ẹ gé èékánná, ẹ fọ ọwọ́, ẹ wẹ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kí ẹran lè rọ̀. Àdí àgbọn tàbí òróró ólífì lásán ti tó (èyí tí ẹ rà fún àdúrà náà ò burú bí ẹnikẹ́ni ò bá tíì ti ìka bọ̀ ọ́). Kò gbọdọ̀ sí Robb, kò gbọdọ̀ sí ìpara olóòórùn dídùn. Ẹ fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí tàbí kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kan lé àpótí. Ẹ ti àtàńpàkò méjèèjì wọlé dé oríkèé kìíní, bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí 3. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, síhà ìdí, àti sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, títí á fi máa ta díẹ̀ bí ẹni fọwọ́ fa ẹnu sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fà á lọ fà á bọ̀ ní ìdajì ìsàlẹ̀ nìkan. Bí ẹ bá fi ojú aago wò ó, láti aago mẹ́ta gba mẹ́fà kọjá dé mẹ́sàn-án ni, fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Ẹ má tẹ òkè, ojú ìtọ̀ wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá lọ, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí ikùn ò bá jẹ́ kí ọwọ́ dé ibẹ̀, ọkọ lè fi ìka ìlábẹ̀ ṣe é. Òróró máa ń ba rọ́bà ìdáàbòbò jẹ́, ẹ fìyẹn sọ́kàn.

Fún iṣan ìdí: ẹ fún un pọ̀ bí ẹni tí ìsó gbọ̀n láàárín èrò. Ẹ kà dé 10, ẹ tú u pátápátá, ẹ sinmi, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ tún fún un kíákíá, ẹ tú u kíákíá, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Itan àti ẹran ìdí méjèèjì ò gbọdọ̀ le, ẹ má sì ṣe sé èémí. Ẹ má fi ìtọ̀ dídá dúró láàárín kọ́ ọ. Títú yẹn ṣe pàtàkì tó fífún, torí títú ló wúlò nígbà tí orí ọmọ bá dé ẹnu ọ̀nà.

Agbẹ̀bí Ìlú Ọba:

Mo fẹ́ tún nǹkan kan ṣe lórí ọ̀rọ̀ Fisiọ. Ìwádìí fi hàn pé àwọn tí ò tíì bí ojú ara rí ni òróró ń gbà lọ́wọ́ yíya tó gba rírán. Àwọn tó ti bí rí, àǹfààní tó hàn fún wọn ni pé ìrora abẹ́ dín kù ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìbí. Torí náà, ẹ ṣe é, ẹ sì tipasẹ̀ rẹ̀ mọ bí títa yẹn ṣe rí, àmọ́ ẹ má gbé gbogbo ìrètí lé e. Nígbà ìbí kejì, ìṣẹ́jú díẹ̀ tó kẹ́yìn ló ni gbogbo iṣẹ́.

Aṣọ gbígbóná ni ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n fún. Nígbà tí orí ọmọ bá ti ń mú kí abẹ́ wú síta, agbẹ̀bí á ki aṣọ mímọ́ bọ omi tó gbóná díẹ̀, á dán an wò ní ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, á fún un, á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ nígbàkígbà tí ìrọbí bá mú. Á tún un rì bó bá ti tutù, á pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti dọ̀tí. Kò gba ju abọ́ kan àti aṣọ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í sínú ìlànà ìgbẹ̀bí tí wọ́n gbé jáde ní 2018, torí ó ń dín ìpele kẹta àti ìkẹrin kù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ méjì. Ọwọ́ kan lórí orí ọmọ kó má baà já jáde, ìkejì ń ti abẹ́ lẹ́yìn. Nígbà tí ojú ara bá ta bí ẹni fi iná kàn án, ẹ má tì mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ ń pariwo "tì í, tì í!" sí yín lórí. Ẹ la ẹnu, kí ẹ máa mí hẹ̀-hẹ̀-hẹ̀ bí ajá tó sáré dé, kí ilé ọmọ fúnra rẹ̀ máa sún orí jáde díẹ̀díẹ̀. Orí tó bá gba ìrọbí méjì sí mẹ́ta kó tó yọ tán sàn ju èyí tó fò jáde lẹ́ẹ̀kan. Èjìká ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń túra sílẹ̀, tí abẹ́ tí ò ya lábẹ́ orí á wá ya. Kí wọ́n dúró de ìrọbí tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n má fà á.

Ẹ dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ẹ fi ọwọ́ àti orúnkún kúnlẹ̀. Fífẹ̀yìnlélẹ̀ tí wọ́n so ẹsẹ̀ méjèèjì kọ́ kò ṣe abẹ́ lóore. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gun ikùn tàbí fi igbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti òkè. Àjọ Ìlera Àgbáyé ò fọwọ́ sí i.

Ní ti ẹ̀gbọ́n ìjọ yín: abẹ tí wọ́n bá fi gé yín ti jẹ́ ìpele kejì lójú ẹsẹ̀, ẹ ti gba ohun tí ẹ ń sá fún. Gígé gbogbo obìnrin bí àṣà kò sí nínú ìlànà mọ́. Bí ọmọ bá ń daamú tàbí tí wọ́n fẹ́ lo irin, ó lè pọn dandan. Nígbà náà kó jẹ́ gígé tó yà sí ẹ̀gbẹ́, ìwọ̀n dígírì 60 láti àárín, nígbà tí orí ti na abẹ́. Bí orí bá ti kọjá, tí awọ sì kó ara jọ padà, ìwọ̀n yẹn máa ń sún mọ́ ihò ìdí ju bó ṣe wà nígbà tí wọ́n gé e. Gígé tó lọ tààrà sísàlẹ̀ ni eléwu. Bí wọ́n bá sì ní àwọn fẹ́ fa ọmọ, ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ bí ife tó ń lẹ̀ mọ́ orí ọmọ láti fà á lè ṣe é, torí irin ń ya iṣan ìdí jù ú lọ.

Ìyá Àkàndé:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Nǹkan méjì tó kù: wọ́n dá abẹ́ fún mi ní kékeré, ṣé ìyẹn náà wà nínú rẹ̀? Ẹlẹ́ẹ̀kejì, omi gbígbóná pẹ̀lú álọ́ọ̀mù tí wọ́n máa ń ní ká jókòó sí lẹ́yìn ìbí ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́ (agbẹ̀bí):

Ó wà nínú rẹ̀ dáadáa. Àpá ìdábẹ́ kì í nà, ó sì lè mú kó ya sókè níhà ojú ìtọ̀, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti máa ń pọ̀. Ẹ sọ fún wọn ní kíláníkì ní báyìí kí wọ́n wò ó, kó má jẹ́ pé inú ìrọbí ni wọ́n á ti bá a pàdé.

Ẹ fi omi gbígbóná yẹn sílẹ̀. Awọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rán lè má mọ gbígbóná dáadáa, kí èèyàn tó mọ̀ ó ti bó. Dettol àti álọ́ọ̀mù á jẹ egbò náà. Omi lásán tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ máa dà láti inú ife nígbà tí ẹ bá ń tọ̀, kó má baà ta yín. Ẹ nù ún láti iwájú sẹ́yìn, ẹ fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, yìnyín tí a fi aṣọ wé, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ń dín wíwú kù. Ẹ tètè máa pààrọ̀ páàdì. Ẹ gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré bí ẹ bá fẹ́ yàgbẹ́, kí ẹ sì mu omi púpọ̀, torí oògùn ẹ̀jẹ̀ máa ń mú ìgbẹ́ le. Bó bá ń rùn, tó ń ṣọyún, tí okùn bá já, tí ara bá gbóná tàbí tí ìgbẹ́ ò ṣeé dì mú, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ padà lọ.

Kí wọ́n tó rán ohunkóhun lọ́tẹ̀ yìí, ẹ ní kí ẹni tó bá yín dé yàrá ìbí rán wọn létí pé kí wọ́n ti ìka bọ ìdí wò ṣáájú àti lẹ́yìn. Bí ìwé àtijọ́ bá sì tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ wo bóyá 3a, 3b tàbí 3c ni wọ́n kọ síbẹ̀, kí ẹ padà wá sọ fún wa.