Àdúrà ìdákẹ́jẹ́: ṣé lóòótọ́ ni pé ọ̀nà kan náà ni ìfẹ́ ń gbà mú gbogbo ènìyàn?

Ará Òkè-Àró:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n ní àwọn onígbàgbọ́ tó fara jìn fún àdúrà ìdákẹ́jẹ́ (wíwà pẹ̀lú Ọlọ́run láìsọ̀rọ̀), láti ayé àwọn bàbá inú aginjù, àwọn tó lọ dá gbé ní Íjíbítì àtijọ́ nítorí àdúrà, títí di òní, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ nípa ìfẹ́ àti ìtumọ̀ ayé, bí wọn kò tilẹ̀ fojú kan ara wọn rí. Kí ni wọ́n ń rí gan-an? Báwo sì ni ẹni tó ń gbé ilé tí èrò kún ní Àkúrẹ́ níbí, tí jẹnẹrétọ̀ ń dún lọ́tùn-ún, tí ìṣọ́ òru ń lọ lósì, ṣe lè bẹ̀rẹ̀? Oorun ńkọ́? Ìrònú owó ilé-ìwé ńkọ́? Àwọn kan tún ń kìlọ̀ pé ẹni tó bá sọ ọkàn rẹ̀ di òfìfo ń ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀mí àjèjì.

Bàbá Katikíìsì, Alágbàká:
Ẹ fi Bíbélì bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìdákẹ́. Guigo Kejì, mọ́ńkì (ọkùnrin tó fi ayé sílẹ̀ fún àdúrà) ilẹ̀ Faransé ní ọ̀rúndún 12, pe ọ̀nà yìí ní àkàbà onípele mẹ́rin: kíkà, àṣàrò, àdúrà, àti wíwà pẹ̀lú Ọlọ́run láìsọ̀rọ̀. Ó ní kíkà ń gbé oúnjẹ sẹ́nu, àṣàrò ń rún un, àdúrà ń tọ́ adùn rẹ̀ wò, ìpele kẹrin sì ni adùn náà fúnra rẹ̀.

Ẹ mú ẹsẹ márùn-ún sí mẹ́wàá, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kà á sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ tún un kà. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dì yín mú, ẹ dúró níbẹ̀, orí ìwé náà kò sá lọ. Ẹ máa tún gbólóhùn yẹn sọ lábẹ́ ahọ́n, kí ẹ wá dá Ọlọ́run lóhùn: ọpẹ́ ni o, ẹ̀bẹ̀ ni o, ẹkún ni o. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹnu mọ́. Ohun tó sábà máa ń ba á jẹ́ ni pé a ń kà á láti fi wàásù fún ẹlòmíràn. Ọkàn tó ń wá kókó ìwàásù ti kúrò níwájú Ọlọ́run, ó ti wà níwájú ìjọ.

Fún ìdákẹ́ fúnra rẹ̀, àwọn mọ́ńkì bíi Thomas Keating ní Spencer, ní Massachusetts, Amẹ́ríkà, gbé ìlànà kan kalẹ̀ láàárín 1970 sí 1980: ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Ẹ jókòó lórí àga, ẹ̀yìn gún, ojú dì. Ẹ yan ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, “Jésù” tàbí “Bàbá”, gẹ́gẹ́ bí àmì pé ẹ gbà kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú yín. Bí owó ilé-ìwé bá wọ inú yín, ẹ má bá a jà. Ẹ rọra padà sí ọ̀rọ̀ náà. Ìgbà ọgọ́rùn-ún ni ẹ lè padà níjókòó kan, ìpadàbọ̀ yẹn gan-an ni àdúrà náà. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe sí ariwo jẹnẹrétọ̀. Ní ti oorun, ẹ má ṣe é lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí lẹ́yìn iyán. Bó bá ṣì ń gbé yín lọ lójoojúmọ́, oorun alẹ́ yín ni kò tó, ẹ tètè lọ sùn.

Ìyá Ìjọ Òǹdó:
Ní ti ẹ̀mí àjèjì: òfìfo kọ́ là ń wá, Ẹnì kan là ń dúró dè. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n pè é ní àṣà òyìnbó. Ilẹ̀ Áfíríkà ló ti gbilẹ̀. Ọmọ Íjíbítì ni Antony tó lọ gbé inú aginjù, tó kú ní 356. Ní Íjíbítì náà ni mọ́ńkì kan, John Cassian, ti gba ẹ̀kọ́ pé kí a máa fi ẹsẹ kan ṣe oúnjẹ tọ̀sán-tòru, Sáàmù 70:1: “Ọlọ́run, yára gbà mí, Olúwa, yára láti ràn mí lọ́wọ́.” Ẹ lè sọ ọ́ nínú ọkọ̀, nídìí ìkòkò, lórí ìlà báńkì. Ẹni tó ń fi ariwo gbàdúrà kò ní láti fi í sílẹ̀ kó tó ṣe èyí.

Ọmọ Ìdànrè:
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́. Bernard ti Clairvaux, mọ́ńkì ilẹ̀ Faransé (1090–1153), to ìrìn ìfẹ́ náà sí ìpele mẹ́rin báyìí: a fẹ́ ara wa nítorí ara wa, a fẹ́ Ọlọ́run nítorí oore rẹ̀, a fẹ́ Ọlọ́run nítorí pé òun ni Ọlọ́run, a wá fẹ́ ara wa nítorí Ọlọ́run. Ó ní ìpele kẹrin kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láyé yìí.

Láàárín ìpele kejì àti ìkẹta ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣáko. Adùn àdúrà á gbẹ, wọ́n á ní Ọlọ́run ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀, wọ́n á sì pààrọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. John ti Àgbélébùú, fádà ilẹ̀ Spéìn (1542–1591), fún wa ní àmì mẹ́ta tí a fi ń mọ̀ pé ọ̀dá náà ń kọ́ni nífẹ̀ẹ́: èkíní, nǹkan ti Ọlọ́run kò dùn, nǹkan ti ayé náà kò dùn; èkejì, ọkàn ń bẹ̀rù pé òun kò sin Ọlọ́run bó ti yẹ; ẹ̀kẹta, àṣàrò tó ń lọ tẹ́lẹ̀ kò ṣeé ṣe mọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pé. Bí oúnjẹ àti oorun bá tún kúrò lára yín, ẹ lọ rí dókítà pẹ̀lú.

Julian ti Norwich, obìnrin olùfọkànsìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí àwọn ìran rẹ̀ ní 1373, nígbà tó ń ṣàìsàn. Ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fi ń bèèrè ìtumọ̀ wọn, ìdáhùn tó gbà ni pé ìfẹ́ ni ìtumọ̀ wọn. Ẹ kíyè sí i, Bíbélì kan náà ni gbogbo wọn ń kà, nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ wọn jọra. Ọ̀dá náà ló yà mí lẹ́nu, nítorí kò sẹ́ni tó máa ń wá a. Teresa ti Ávila, sísítà ilẹ̀ Spéìn, sì kìlọ̀ pé ìfẹ́ aládùúgbò ni àmì tó dájú jù. Ẹni tó ń dákẹ́ ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀, tó ń jágbe mọ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ lọ́sàn-án, kò tíì kúrò ní ìpele kìíní tí Bernard sọ.

Ará Òkè-Àró:
Mo dúpẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Báwo lèèyàn ṣe ń rí iṣẹ́ ìfẹ́ yìí nínú ayé tara rẹ̀?

Bàbá Katikíìsì, Alágbàká:
Ẹ fi àyẹ̀wò ọkàn tí Ignatius ti Loyola, ẹni tó dá ẹgbẹ́ Jésúìtì sílẹ̀, fi kọ́ni parí ọjọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: ẹ dúpẹ́, ẹ tọrọ ìmọ́lẹ̀, ẹ wo ọjọ́ náà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ tọrọ àforíjì, ẹ pinnu ohun kan fún ọ̀la. Ẹ kọ ìlà kan ṣoṣo sínú ìwé: ibi tí ìfẹ́ ti ṣàn, àti ibi tó ti há. Ní òpin oṣù, ẹ ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì mú un lọ bá fádà, pásítọ̀ tàbí sísítà tó mọ ọ̀nà yìí, nítorí ojú ẹni kì í sábà rí ibi tó ti ń há léraléra.