Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja ajẹja nínú tánkì nílé, kí lojú yín ti rí?

Adé_Ṣómólú: Ọdún tó kọjá ni mo ra ẹja Oscar méjì, wọn ò ju ìka mi lọ. Ẹni tó tà á fún mi ní ibi tí wọ́n máa dàgbà mọ nìyẹn. Ní báyìí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó rúlà ọmọ iléèwé. Lánàá mo fi neon tetra mẹ́wàá, àwọn ẹja tíńtìntín, sí i kí tánkì lè rẹwà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, n ò rí ọ̀kan. Kódà ìpẹ́, n ò rí.

Ìyá_Ìbejì: O gbé oúnjẹ alẹ́ fún wọn nìyẹn 😂

Bàbá_Olómi: Ẹja Jaguar ni tèmi. Mo ní kí n kẹ́ ẹ, mo bá ra ọmọ àrọ̀ wálé. Ó gbé ọ̀kan mì, ẹ̀gún apá àrọ̀ bá há a lọ́fun. Ọjọ́ méjì gbáko ni ẹnu rẹ̀ fi là sílẹ̀. Ìyàwó mi fi aṣọ tútù dì í mú, mo fi nail cutter gé ẹ̀gún, mo fà á yọ. Ó yè o. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mò ń nu gíláàsì, ni ẹja yìí bá gé mi níka jẹ.

Tunde_Peckham: Ẹ̀gún àrọ̀, nail cutter? Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o.

Bàbá_Olómi: ỌMỌ àrọ̀ ni mo kọ. Tún un kà.

Kẹ́mi_I: Ẹ ò tíì dárúkọ NEPA. Wọ́n mú iná lọ lóru oṣù kẹta, fílítà dákẹ́. Bí omi bá sì ṣe ń gbóná tó, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń dín kù. Àwọn Oscar mi gbé ẹnu sójú omi, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo ń fi ife bu omi, mo ń dà á padà láti òkè, láti aago mọ́kànlá títí di mẹ́rin ìdájí. Ọ̀kan kú síbẹ̀. Pọ́ọ̀ǹpù oníbátìrì ni mo kọ́kọ́ rà nígbà tí ilẹ̀ mọ́.

Adé_Ṣómólú: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àǹtí.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́: Ṣé ẹ sè é? Mọ̀lẹ́bí ẹpìyà ni Oscar àti Jaguar. Wọ́n ń jẹ Oscar ní Brazil.

Kẹ́mi_I: Ọlọ́run á dá ẹ lẹ́jọ́.

Ìyá_Ìbejì: Ẹ má ba ẹpìyà lórúkọ jẹ́! Ẹnu ni ọ̀pọ̀ ẹpìyà fi ń tọ́jú ẹyin wọn.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́: Ẹnu náà ni, mà. Èyí fi gbé ẹyin, èyí fi gbé tetra.

Adé_Ṣómólú: Ẹ jọ̀ọ́, ihò kéékèèké ń yọ lórí èyí tó tóbi jù. Kí ni?

Tunde_Peckham: Lítà mélòó ni tánkì ẹ?

Adé_Ṣómólú: 120.

Bàbá_Olómi: Oscar méjì?! Face-me-I-face-you lo kó wọn sí. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ìdọ̀tí omi ló ń jẹ ẹ́ lórí. Máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí o sì wá tánkì tó tó lítà 500.

Adé_Ṣómólú: Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé o.

Ìyá_Ìbejì: Lítà 500, kílò 500 nìyẹn, a ò tíì ka gíláàsì. Sọ fún àwọn ará ìsàlẹ̀ kí wọ́n ra agbòòrùn.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́: Kí wọ́n gbé ìkòkò kaná pẹ̀lú 😂