Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, Èkó sí New York: wákàtí mélòó gan-an ni?

Ará Ìjẹ̀bú-Òde:
Tí ìyá bá fẹ́ lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ l'ókè òkun, ohun tó máa kọ́kọ́ bèèrè ni iye wákàtí tó máa fi jókòó nínú bàálù. Ẹ má kàn yọ aago kan kúrò nínú èkejì lójú tíkẹ́ẹ̀tì. Aago ìlú tí bàálù ti gbéra ni wọ́n fi kọ ti àkọ́kọ́, aago ìlú tó máa balẹ̀ sí ni wọ́n fi kọ èkejì. Ká ní ó kúrò l'Ékòó ní 11:00 alẹ́ nínú oṣù kìíní, ó balẹ̀ sí New York ní 4:30 ìdájí. Ó jọ wákàtí márùn-ún ààbọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù, wákàtí 6 ni aago wọn fi wà lẹ́yìn tiwa, torí náà 11 ààbọ̀ ni ìyá máa jókòó. Nígbà ooru wọn, 5 lẹ máa fi kún un. Ti Lọ́ńdọ̀nù, wákàtí 1 nígbà òtútù. Láti Sunday tó kẹ́yìn oṣù kẹta dé èyí tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, aago wa dọ́gba.

Ará Ìpẹru:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Ẹni tí kò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì lè fi bí ọ̀nà ṣe jìn tó ṣírò. Ẹ má fi rúlà wọ̀n ọ́n lórí máàpù pẹlẹbẹ o, irọ́ ló máa pa. Bí okùn tí a nà tantan lórí bọ́ọ̀lù ni ọ̀nà bàálù rí. Pápákọ̀ Ìkẹjà sí Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ nǹkan bíi 5,000 kìlómítà, Ìkẹjà sí JFK ní New York nǹkan bíi 8,450. Ẹ fi 850, iye kìlómítà tí bàálù ń fò ní wákàtí kan, pín in, kí ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un fún ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù á já sí wákàtí 6 àti ogún ìṣẹ́jú lé díẹ̀. New York, 10 ààbọ̀ ó dín díẹ̀.

Kí ló wá sọ New York di 11 ààbọ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì? Díẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ rírìn tí bàálù ń rìn lórí ilẹ̀ kó tó gbéra àti lẹ́yìn tó bá balẹ̀. Atẹ́gùn ló ni èyí tó pọ̀ jù. Lókè lọ́hùn-ún, atẹ́gùn líle ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, ó sì máa ń le sí i nígbà òtútù. Bàálù tó ń lọ Amẹ́ríkà dojú kọ ọ́. Èyí tó ń bọ̀, atẹ́gùn ń tì í lẹ́yìn, ìyẹn ni àbọ̀ fi máa ń yá ju àlọ lọ. Ti Lọ́ńdọ̀nù kò rí bẹ́ẹ̀, torí àríwá gangan ni a dojú kọ láti Èkó, ẹ̀gbẹ́ ni atẹ́gùn ti ń gbá bàálù.

Ọ̀nà náà lè dí. Nígbà tí orílẹ̀-èdè Niger ti ojú òfuurufú rẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2023, àwọn bàálù tó ń ti Èkó lọ Yúróòpù ní láti yí gba ibòmíràn, wákàtí wọn sì gùn sí i.

Ará Ṣágámù:
Ẹ ò tíì ka ti ilẹ̀ mọ́ ọn. Ìjẹ̀bú-Òde sí pápákọ̀ Ìkẹjà tó nǹkan bíi 100 kìlómítà, Mówé àti Ìbàfò ló sì máa ń há jù. Fúráìdé àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí èrò ń wọ́ lọ sí Redemption Camp, ẹ tètè kúrò nílé gan-an, tàbí kí ẹ gba Ògìjo sí Ìkòròdú. Bàálù 11:00 alẹ́, ẹ dé kàńtà ní 8:00, torí wọ́n sábà máa ń tì í ní wákàtí kan kó tó gbéra. Bí ìyá bá máa lo kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ẹ ti béèrè rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì.