Ó mọ iṣẹ́, àmọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà á mọ́ra

Olùbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń bójú tó àwọn tó ń di ìwé ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. A gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti gbogbo àwọn tó bá níbẹ̀ lọ, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í pè é sí oúnjẹ, wọn kì í sì í ràn án lọ́wọ́ bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ṣé mímọ iṣẹ́ kò tó ni?

Ìdáhùn kìíní:
Ẹ kọ́kọ́ wo bí ẹ ṣe ń san owó. Bí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n pé ẹ óò dín owó orí ìwé kọ̀ọ̀kan kù nígbà tí ẹ bá rí i pé ó ṣeé dì kíákíá, ọwọ́ yíyá rẹ̀ ti di ewu fún wọn nìyẹn. Láàárín ọdún 1931 sí 1932, ní ilé iṣẹ́ Western Electric ní Hawthorne, lẹ́bàá Chicago, àwọn olùwádìí ṣọ́ ọkùnrin 14 tó ń ṣe ohun èlò tẹlifóònù. Àwọn wọ̀nyí ti fẹnu kò lórí iye iṣẹ́ tó tó fún ọjọ́ kan; ẹni tó bá yára jù, wọ́n á fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a lápá. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé iye iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe kò bá bí ọwọ́ àti ọpọlọ rẹ̀ ṣe yá tó mu rárá.

Ìdáhùn kejì:
Kì í ṣe owó nìkan. Ẹni tó ń ká ìwé ló ń kó o fún ẹni tó ń tò ó, kó tó kan ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́, kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gé etí rẹ̀. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá yá jù, ìwé yóò wọ́ jọ síwájú ẹni tó tẹ̀ lé e, orí ẹni yẹn ni ọ̀gá yóò sì máa pariwo lé. (Àwọn ọ̀gá kì í sábà rí i bẹ́ẹ̀.) Níbo lẹ fi í sí?

Olùbéèrè:
Ibi kíká ni, owó oṣù ni wọ́n sì ń gbà. Ìwé ń wọ́ jọ níbi títò lóòótọ́. Mo fẹ́ gbé e lọ síbi gígé, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń dúró.

Ìdáhùn kejì:
Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bá àgbà tó wà nídìí ẹ̀rọ ìgéwé sọ̀rọ̀, kó má baà rò pé ẹ fẹ́ gba ipò òun. Bí òun fúnra rẹ̀ bá kọ́ ọ, àwọn yòókù yóò mọ ọwọ́ ẹni tó ti wá.